Kí A Tó Gbé Eré Wa Síwájú Olówó

Ìbẹ̀rù kan wọ́pọ̀ láàárín àwa tí à ń kọ eré láìní ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn: pé bí a bá lanu sọ ohun tó wà lọ́kàn wa fún ẹni tó ní owó àti ẹ̀rọ, bó bá di ọdún tí ń bọ̀, a ó máa wo eré náà lórí tẹlifíṣàn láìrí orúkọ wa níbẹ̀. Mo mọ òǹkọ̀wé kan tó pa ìtàn rẹ̀ mọ́ sínú fóònù títí tí fóònù fi bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Olè kankan kò jí i, òun náà kò sì ní in mọ́. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe àsọdùn, nítorí a ti gbọ́ oríṣiríṣi, ṣùgbọ́n mo ti wá rí i pé ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣọ́ lójú méjèèjì kì í ṣe ohun tí òfin ń bá wa ṣọ́, àti pé ohun tí òfin lè bá wa ṣọ́ gan-an ni a kì í ráyè ṣe.

Èmi náà ní ìtàn tí mo fẹ́ràn. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń kọ̀wé, pẹ̀lú àbúrò wa kan tó ń ya fídíò, ni a jọ ń ṣiṣẹ́ lórí eré àtìgbàdégbà kan tó dá lórí ìdílé aláró ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta. Kí ó má ṣe ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé mo ń sọ ọ́ ní gbangba. Ìdílé aláró ní Ìtòkú kì í ṣe tiwa, kò sì lè di tiwa láéláé. Ẹni tó bá ka ibi tí mo kọ yìí lè bẹ̀rẹ̀ eré tirẹ̀ lórí rẹ̀ lálẹ́ òní, kò sí adájọ́ tí yóò bi í léèrè ohun kan.

Òfin kọ́píráìtì, ìyẹn òfin tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni lórí iṣẹ́ tó dá, tí à ń lò ní Nàìjíríà báyìí ni ti ọdún 2022, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023. Ìpín kẹta nínú òfin náà ka àwọn ohun tí kọ́píráìtì kò bò, èrò ni ó sì fi ṣáájú. Lẹ́yìn èrò, ó dárúkọ ìlànà, ọ̀nà ìṣiṣẹ́, àwárí, títí kan bátànì tí a gbé ètò kan lé. Ohun tí òfin náà bò ni iṣẹ́ tí ẹni kan ti làágùn lé lórí, tó sì ti gbé ka ibi tí a ti lè rí i tàbí gbọ́ ọ: sórí ìwé, sínú kọ̀ǹpútà, sórí fídíò, sínú ohùn tí a gbà sílẹ̀. Ìwé eré fíìmù àti ti rédíò wà lára ohun tí òfin náà pè ní iṣẹ́ lítírésọ̀, ààbò rẹ̀ sì ń bẹ títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Ẹ̀tọ́ yìí kò dúró de ìforúkọsílẹ̀ níbikíbi. Láti ìgbà tí a bá ti kọ ọ́ ni ó ti wà.

Ibi tí èrò parí sí, tí iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀, ni ó ṣòroó fi ìka tọ́. Ohun tí mo lè ṣe ni pé kí n fi eré tiwa ṣàlàyé rẹ̀. Ìdílé aláró: èrò ni. Ìyá aláró kan tó kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin wá ń jà sí ìkòkò aró: èrò náà ṣì ni, nítorí ta ni kò tíì rí ìjà ogún rí? Ṣùgbọ́n ká ní ìyá náà kò mọ̀wé, tó sì jẹ́ pé gbogbo gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ ẹ́ ni ó ń fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ yà sára aṣọ ní àmì tí òun nìkan lè kà. Ká ní ó ta àwọn aṣọ náà fún àwọn ajigbèsè fúnra wọn, tí wọ́n sì kó wọn sínú àpótí láìmọ̀ pé ìwé gbèsè ara wọn ni wọ́n ń fi ró nígbà ọdún. Ká ní àbígbẹ̀yìn ni ọmọ kan ṣoṣo tó rántí bí ìyá ṣe ń ka àmì náà, tí òun náà sì ti bá wọn yan odì. Bí a bá wá kọ èyí ní abala kan tẹ̀lé òmíràn, tí ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀, tí ìṣẹ̀lẹ̀ kan ń bí ìṣẹ̀lẹ̀ kejì, a ti jìnnà sí ìdílé aláró lásán. Ẹni tó bá gbé èyí lódindi kò lè sọ pé Ìtòkú ni òun ti rí i. Orúkọ bátànì àdìrẹ tí a fi pe abala kọ̀ọ̀kan, irú bíi Ìbàdàndùn, kì í ṣe tiwa o. Àwọn ìyá wa ló ni ín. Tiwa ni ohun tí a fi orúkọ náà sọ.

Ìdí nìyí tí ẹ̀sùn olè tó ń fò kiri láàárín wa kì í fi í ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ nígbà mìíràn. Òǹkọ̀wé tó fẹ́ ṣe eré Mọrèmi kò níye, bí ẹnì kan bá sì ti gbé tirẹ̀ jáde, àwọn yòókù a ní wọ́n ti jí tàwọn. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ìtàn àbáláyé wà nílẹ̀ fún gbogbo wa, àwọn tó jọ gbé ìlú kan, tí wọ́n jọ ń ka ìwé ìròyìn kan náà, tí wọ́n sì jọ ń gbé inú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ kan náà, yóò máa bá ara wọn pàdé nínú èrò láìjẹ́ pé ẹnì kan wọ yàrá ẹnì kejì.

Ẹjọ́ kan wà tí mo máa ń rántí nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ ṣe ọ̀lẹ níbi ìwé kíkọ. Hughie Green ṣe ètò tẹlifíṣàn kan ní Britain fún ọ̀pọ̀ ọdún, Opportunity Knocks, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń wá fi ẹ̀bùn wọn díje. Ní àwọn ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ New Zealand ṣe tiwọn pẹ̀lú orúkọ kan náà, pẹ̀lú àwọn gbólóhùn tí wọ́n mọ̀ mọ́ Green lẹ́nu, àti pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n bí àtẹ́wọ́ ṣe ròkè tó. Green pè wọ́n lẹ́jọ́, ẹjọ́ náà sì dé Privy Council ní London, ilé ẹjọ́ tó gbẹ̀yìn fún New Zealand nígbà náà, ní 1989, Green ni ó sì jẹ̀bi. Àwọn adájọ́ ní ètò tí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ ń yí padà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ kò ṣe é dì mú gẹ́gẹ́ bí eré. Èyí tó dùn mí níbẹ̀ ni pé Green sọ pé ìwé ètò náà wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan tí a gbé wá síwájú ilé ẹjọ́. Òfin tiwa ti la ọ̀rọ̀ bátànì ètò mọ́lẹ̀ láìní adájọ́ ń túmọ̀ rẹ̀, nítorí náà àwọn tó fẹ́ ṣe ètò ìdíje tàbí ètò ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ní láti mọ̀ pé ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé rọ̀ ju tàwa tí à ń kọ ìtàn lọ.

Kọ́píráìtì nìkan kọ́ ni ilẹ̀kùn tó wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn òṣèrébìnrin mẹ́ta kan ní Lọ́ńdọ̀nù àti olórin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi ẹnu lásán sọ èrò kan fún àwọn ènìyàn Thames Television: ìtàn obìnrin mẹ́ta tó dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀ àti ohun tí ojú wọn rí, èyí tí wọ́n fà yọ láti inú ìgbésí ayé ara wọn. Thames ṣe eré náà ní 1976, àwọn òṣèré mìíràn ni wọ́n sì fi sínú rẹ̀. Nígbà tí ẹjọ́ náà parí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn obìnrin náà jàre. Adájọ́ gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu pàápàá lè jẹ́ àṣírí tí ẹni tó gbọ́ ọ kò gbọdọ̀ lò láìgba àṣẹ, bí ó bá jẹ́ pé ní ìfọkàntán ni a fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ní èrò náà gbọdọ̀ dá yàtọ̀ kedere, kí ó jẹ́ tuntun, kí ó ṣe é pa owó, kí ó sì ti gbó débi tí ènìyàn fi lè sọ ọ́ di eré gidi. Ìdájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò de adájọ́ wa, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń tẹ́tí sí i, èmi sì kà á sí ohun tí ó yẹ kí gbogbo òǹkọ̀wé mọ̀.

Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn dé ibi tó sún mọ́ ọn. Ní 1949, Victor Desny tẹ ọ́fíìsì olùdarí fíìmù Billy Wilder láago pẹ̀lú ìtàn ọkùnrin kan tí ihò abẹ́ ilẹ̀ há mọ́ ní Kentucky ní 1925. Akọ̀wé Wilder ni ó bá sọ̀rọ̀. Ó ka ìtàn náà fún un lórí tẹlifóònù, obìnrin náà sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, Desny wá fi kún un pé bí wọ́n bá lò ó, wọn yóò san owó òun. Fíìmù tó jọ ọ́ jáde ní 1951. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní California ní 1956, àwọn adájọ́ gbà pé èrò kì í ṣe dúkìá, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí ẹni tó ń gbọ́ ọ bá mọ̀ pé owó wà nídìí rẹ̀ kí ó tó gbà á, àdéhùn lè ti wà láàárín wọn bí kò tilẹ̀ sí ìwé kankan. Wọ́n tún sọ pé ẹni tó bá tú èrò rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó ná an, ara rẹ̀ ni kí ó dá lẹ́bi.

Gbólóhùn kan tí Desny sọ nípa owó ni ó gbé ẹjọ́ rẹ̀ dúró. Mo ti jókòó níbi tí àwọn ènìyàn wa ti ń gbé eré síwájú olówó, mo sì mọ bí ó ṣe máa ń rí: a ó kí wọn, a ó dọ̀bálẹ̀, a ó sọ ìtàn náà láti orí dé ẹsẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀, ojú owó yóò sì máa tì wá títí a ó fi jáde. Ní báyìí, kí n tó ṣí ìwé, mo máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ohun tí a gbé wá jẹ́ eré tí a fẹ́ kí ẹ rà, tàbí kí ẹ bá wa dá owó rẹ̀, bí kò bá bá yín lára mu, a bẹ̀ yín kí ó dúró sáàárín wa.” Kò sẹ́ni tó bínú sí i rí. Bí mo bá délé, mo máa ń fi ímeèlì dúpẹ́, inú ìdúpẹ́ náà ni mo sì máa ń ka ohun tí a sọ sí: orúkọ eré, ẹni tó wà níbẹ̀, ọjọ́ tí a pàdé, ìwé tí a fi sílẹ̀ àti ohun tí wọ́n ní àwọn yóò ṣe. Ìwà ọmọlúàbí ni, ẹ̀rí sì ni.

Nípa ìwé àdéhùn ìpamọ́ àṣírí tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé kí a kọ́kọ́ mú lọ, èrò tèmi ni pé ó wúlò láàárín àwa àti àwọn tí a bẹ̀ níṣẹ́, ìyẹn òṣèré, ayàwòrán àti ẹni tó ń túnwèéṣe. Ilé-iṣẹ́ ńlá kì í sábà fọwọ́ sí i, nítorí ìtàn tó ń wọlé fún wọn pọ̀, ó sì lè jẹ́ pé èyí tó jọ tiwa ti wà lórí tábìlì wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn gan-an ni wọ́n máa ń gbé ìwé tiwọn fún ènìyàn, níbi tí a ti kọ ọ́ pé bí wọ́n bá ṣe ohun tó jọ ọ́ lọ́jọ́ iwájú, a kò ní fi ẹjọ́ sùn. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé ọ̀nà àwọn òṣèrébìnrin mẹ́ta yẹn àti ti Desny ti dí mọ́ òun, kí ó sì rí i pé ohun tí òun fi sílẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tó ti di kíkọ débi tí kọ́píráìtì lè gbà á mú.

Àwọn kan ní kí ènìyàn fi ìwé eré rẹ̀ ránṣẹ́ sí ara rẹ̀ nílé ìfìwéránṣẹ́, kí ó má sì ṣí àpò ìwé náà. Èmi kò rí agbára rẹ̀, nítorí àpò ìwé tó ṣí sílẹ̀ náà lè gba òǹtẹ̀ lónìí, kí a sì fi nǹkan sí i lọ́la. Àjọ Nigerian Copyright Commission ní ètò ìforúkọsílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì pọn dandan kí a dé Àbújá. Kì í ṣe òun ló ń fún ni ní ẹ̀tọ́ bí mo ti sọ, ẹ̀rí ọjọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọjọ́ ni ó máa ń sọnù nínú irú ẹjọ́ yìí. Orúkọ eré ńkọ́? Kọ́píráìtì kì í sábà bo orúkọ lásán. Bí eré bá ti fẹ́ di ohun tí a ó máa tẹ̀ sára aṣọ àti ife, ibi ìforúkọsílẹ̀ àmì òwò ni a ó gbé e lọ. Ìwé CAC, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́, tí àwọn ènìyàn kan ń gbé kiri kò dá sí ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí nìyí, nítorí àwọn eré tí mo rí tó fọ́ lójú mi, ilé-iṣẹ́ ńlá kọ́ ló fọ́ wọn. Ọ̀rẹ́ méjì ni, tàbí tọkọtaya, tàbí ọmọ ìjọ kan náà. Kí a tó fi eré tiwa han ẹnikẹ́ni, a gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ agbẹjọ́rò. Ẹ̀gbọ́n kò béèrè ohun tí ìtàn náà dá lé. Wọ́n wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní, “Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta ló ni ín?” A ní gbogbo wa ni. Wọ́n ní, “Ó dáa. Bí ọ̀kan nínú yín bá japa ńkọ́? Bí olówó bá ní òun fẹ́ ẹ̀yin méjì, òun kò fẹ́ ẹ̀kẹta? Bí àbúrò yín yìí bá ya abala àkọ́kọ́ láìgbowó, ṣé eré ló ní ìpín nínú rẹ̀ ni, àbí fídíò tó yà nìkan?” Àbúrò wa kò wo ojú wa mọ́. Ọ̀rọ̀ náà le, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni a kọ ìwé: ẹni tó dá ìtàn náà, ẹni tó kọ ọ́, ìpín kálukú, ẹni tó lè fọwọ́ sí àdéhùn lórúkọ gbogbo wa, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá kúrò. Ojú-ewé díẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n tún fi ibì kan nínú òfin 2022 hàn wá tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Gbígbé kọ́píráìtì fún ẹlòmíràn, tàbí fífún un ní àṣẹ tí kò ní bá ẹnì kankan pín, kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ àfi bí ó bá wà ní kíkọ. Ìyẹn dùn mọ́ wa. Ṣùgbọ́n àṣẹ lásán tí kò dí ọ̀nà fún ẹlòmíràn lè jẹ́ ti ẹnu, a sì lè yọ ọ́ láti inú ìwà ẹni. Ẹni tó bá gbé ìwé eré rẹ̀ fún ènìyàn, tó rí i pé wọ́n ti ń ya á, tó wá ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn níbi tí wọ́n ti ń ya eré pẹ̀lú ẹ̀rín, lè rí i lẹ́yìn ọ̀la pé ẹ̀rín náà ti di àṣẹ.

Ní ti ibi tí a lè gbé eré lọ, ilẹ̀kùn kò pọ̀. Netflix kì í gba ìtàn lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò mọ̀. Ó gbọdọ̀ gba ọwọ́ aṣojú òǹkọ̀wé, agbẹjọ́rò tàbí agbéréjáde tí wọ́n ti bá da òwò pọ̀. Prime Video ti dá ṣíṣe eré tuntun dúró ní Áfíríkà láti oṣù kìíní ọdún 2024. Èyí ni ó mú kí n máa ronú nípa àwọn ọmọ ilé-iṣẹ́ Kugali. Olufikayo Adeola àti Tolu Olowofoyeku láti Nàìjíríà, pẹ̀lú Hamid Ibrahim láti Uganda, ń tẹ ìwé ìtàn alàwòrán jáde fúnra wọn nígbà tí BBC fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò ní 2019, tí wọ́n sì sọ láìbẹ̀rù pé àwọn yóò na Disney ní pàṣán. Jennifer Lee, ọ̀gá ní Disney nígbà náà, rí ọ̀rọ̀ náà ó sì wá wọn kàn. Ní oṣù kejìlá 2020 wọ́n kéde eré tí wọ́n jọ fẹ́ ṣe, Iwájú, lórí Èkó ọjọ́ iwájú, abala mẹ́fà rẹ̀ sì jáde ní oṣù kejì 2024. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá sọ̀rọ̀ àfojúdi ni Disney yóò wá kàn. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe ti wà níta pẹ̀lú orúkọ wọn lára rẹ̀ kí olówó tó dé, àwọn fúnra wọn ni a sì pè wá ṣe eré náà, Adeola ni olùdarí rẹ̀. Ènìyàn lè jí èrò. Kò rọrùn láti jí ọwọ́ tó ń ṣe é.

Bí olówó bá wá dé, ẹ ka ibi tí wọ́n ti kọ owó. Art Buchwald, òǹkọ̀wé ìwé ìròyìn ní Amẹ́ríkà, fi ìtàn kúkúrú kan nípa ọba Áfíríkà tó lọ sí Amẹ́ríkà fún ilé-iṣẹ́ fíìmù Paramount, pẹ̀lú àdéhùn tó wà ní kíkọ. Nígbà tí Coming to America jáde ní 1988, ó pe ẹjọ́, ní 1990 adájọ́ sì gbà pé inú ìtàn rẹ̀ ni fíìmù náà ti jáde. Ṣùgbọ́n àdéhùn rẹ̀ sọ pé inú èrè tó bá kù lẹ́yìn gbogbo ìnáwó ni a ó ti san ìpín rẹ̀, Paramount sì fi ìṣirò hàn pé fíìmù tí gbogbo ayé wò yẹn kò tíì jèrè. Adájọ́ ní irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kò bá ẹ̀tọ́ mu. Ní 1992, 150,000 dọ́là ni wọ́n dá fún un, 750,000 sì ni ti Alain Bernheim tí wọ́n jọ gbé eré náà lọ, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé ẹjọ́.

Nítorí náà, nínú ìwé tí a ti tọ́jú fún ẹni tó bá fẹ́ eré aláró wa, a kò fi ìpín èrè ṣáájú. Owó fún abala kọ̀ọ̀kan ni ó ṣáájú, kí a san án bí a bá ti gba ìwé eré lọ́wọ́ wa. Lẹ́yìn náà ni orúkọ wa ní ojú eré. Lẹ́yìn náà ni pé bí wọn kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ya á láàárín oṣù 18, kí gbogbo rẹ̀ padà sọ́wọ́ wa láìsan kọ́bọ̀. Agbéréjáde kan ti ka ojú-ewé méjì àkọ́kọ́, ó ní oṣù 18 kò tó òun, a sì ń ná an lọ́wọ́. Àbúrò wa kò dúró dè é. Ó ti ń wá ẹni tí yóò yá a ní ìkòkò aró fún abala kúkúrú tí a fẹ́ gbé sórí YouTube.